Akọni Wo Ni Ó Ń Kọjá Níwájú Ilé Wa?

Ní ọjọ́ 13 oṣù Épírílì, ọdún 1997, ọkùnrin adúláwọ̀ kan, ẹni ọdún 62, wa ọkọ̀ láti Atlanta lọ sí Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Eré tí ó fi ọkọ̀ náà sá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá fi dá a dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì kọ ìwé ìtanràn lé e lọ́wọ́. Ó gba ìwé náà, ó sì tẹ̀ síwájú, nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bẹ ní Augusta tí ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Lee Elder ni orúkọ arìnrìn-àjò yìí. Tiger Woods, ọmọ ọdún 21, ni ẹni tí ó ń lọ wò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Woods gba ìdíje gọ́ọ̀fù tí à ń pè ní Masters, ó sì fi gbígbá 12 borí ẹni tí ó tẹ̀lé e. Kí ó tó wọlé lọ gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń dá olúborí lọ́lá, ó yà sọ́dọ̀ Elder, ó dì mọ́ ọn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn òǹkàwé wa ní Ìlaró, ní Ayétòrò àti ní gbogbo ilẹ̀ tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò kí ó tó di Yewa ní ọdún 1995, lè béèrè pé kí ni ìrìn-àjò àgbàlagbà ará Amẹ́ríkà kàn wọ́n. Ó kàn wọ́n púpọ̀. Ní ọdún 1971, ọkùnrin yìí kan náà wá sí Èkó, ó sì gba ife ìdíje gọ́ọ̀fù ti gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tí Tiger Woods dì mọ́ra lójú gbogbo ayé ti rìn lórí ilẹ̀ wa rí, ó ti lagun lábẹ́ oòrùn wa, ó sì gba ọlá láàárín wa ní ọdún mẹ́rin kí àwọn ará ilé rẹ̀ tó gbà á láyè ní Augusta.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Dallas ní ìpínlẹ̀ Texas ni a ti bí i ní ọdún 1934. Ogun àgbáyé kejì pa bàbá rẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyá rẹ̀ fi kú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré ni. Iṣẹ́ kádì, èyíinì ni gbígbé àpò ọ̀pá fún àwọn tí ń gbá gọ́ọ̀fù, ni ó fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, ibẹ̀ ni ó sì ti fi ojú kọ́ eré náà. Títí di ọdún 1961, òfin ẹgbẹ́ àwọn agbá-gọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní gbangba pé aláwọ̀ funfun nìkan ni ó lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ní ọdún 1968, nígbà tí Elder ti di ẹni tí ó lè bá Jack Nicklaus fà á títí dé ihò karùn-ún àfikún kí Nicklaus tó borí rẹ̀, ó ṣì ń pààrọ̀ aṣọ ní ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ní Pensacola, ní ìpínlẹ̀ Florida, nítorí pé wọn kò jẹ́ kí adúláwọ̀ wọ inú ilé ẹgbẹ́. Ní Pensacola yìí kan náà ni ó ti gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún 1974, ife yìí ni ó sì ṣí ilẹ̀kùn Masters fún un. Ní ọjọ́ 10 oṣù Épírílì, ọdún 1975, ó di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó díje níbẹ̀. Àwọn kan ti kọ lẹ́tà sí i pé àwọn yóò pa á, nítorí náà ilé méjì ni ó háyà ní Augusta, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ èyí tí ó sùn sí. Kò borí. Gbígbá 74 ní ọjọ́ kìíní, 78 ní ọjọ́ kejì, ó sì di ẹni tí ń lọ sí ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń bọ̀ ní ihò ìkẹyìn, àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ ibẹ̀, àwọn alásè àti àwọn agbáwo, fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n sì jáde wá dúró láti wò ó.

Elder nìkan kọ́ ni ó gba Èkó kọjá. Ní ọdún 1978, Sandy Lyle, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí kò tíì pé ọdún 21, gbá 61 ní ọjọ́ kìíní àti 63 ní ọjọ́ kejì ní Ìkòyí, nígbà tí ibi ihò kò tíì ní koríko, tí ó jẹ́ iyanrìn tí a pò mọ́ epo ni bọ́ọ̀lù ń yí lé. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1988, ó gba Masters. Ní ọdún 1988 yìí kan náà ni Vijay Singh, ọmọ erékùṣù Fiji, gba ife Nàìjíríà; ó gba Masters ní ọdún 2000. Ẹni mẹ́ta ni a kà yìí. Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù ní Ìlaró, tí ó wọ ọkọ̀ gba Òwódé àti Sàngó-Ọ̀tà, ìbá ti bá wọn lórí pápá kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ọmọ mélòó ni ó lọ? Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Comprehensive ní Ayétòrò, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní ọdún 1963 pẹ̀lú ìrànwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà láti Yunifásítì Harvard, ti pé ọdún mẹ́jọ nígbà tí Elder dé Èkó. Ọmọ tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà ti ń ka ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà nínú ìwé, ó ti mọ Lincoln, ó sì ti mọ òwò ẹrú. Ìtàn alààyè wá dúró ní Èkó pẹ̀lú ọ̀pá gọ́ọ̀fù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ògiri ẹgbẹ́ ni ó dá àárín wọn dúró. Ẹgbẹ́ Ìkòyí tí ó ni pápá náà, ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó ni wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní ọdún 1938. Òmìnira dé, àwọn ènìyàn wa wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ó wà lẹ́yìn wọn. A kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí a jogún ṣe rí nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wá ni pé ọmọdé kì í gbé ayé láìní akọni. Bí a kò bá fi ọ̀kan hàn án, yóò mú èyí tí ó bá ń kọjá níwájú ilé wọn. Àwọn òbí wa nígbà kan rí ń sọ ìtàn Orónnà fún ọmọ Ìlaró lálẹ́, ọdún rẹ̀ sì ṣì ń dùn títí di òní. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń kọjá lọ́sàn-án ní ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, àti ní àwọn ipa ọ̀nà igbó tí ó lọ sí ìhà Ìmẹ̀kọ àti Kétu? Onífàyàwọ́ ni. Òun ni ó ní ọkọ̀ tí ń sáré jù. Òun ni ó ń na owó ní ọjọ́ ìnáwó, tí onílù ń kì ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè pa ní oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọdún 2019, tí wọn kò sì ṣí ti Ìdí-Ìrókò padà títí di ọdún 2022, àwọn oníṣòwò tòótọ́ jókòó sílé, ṣùgbọ́n ìrẹsì àti epo ṣì ń gba inú igbó kọjá. Àwọn ọmọ wa rí i. Olùkọ́ tí ó bá béèrè lọ́wọ́ kíláàsì rẹ̀ pé ta ni wọ́n fẹ́ jọ bí wọ́n bá dàgbà, kí ó fi etí sílẹ̀ dáadáa sí ìdáhùn àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé eré olówó ni gọ́ọ̀fù, àti pé kí ni ọmọ àgbẹ̀ ń wá níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pá rẹ̀ wọ́n, ilẹ̀ tí ó sì ń jẹ pọ̀. Àwa pàápàá kò ní bẹ ìjọba kankan pé kí ó fi oko ẹnikẹ́ni ṣe pápá gọ́ọ̀fù ní Yewa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tí ń gbé àpò. Ní Augusta, títí di ọdún 1982, àwọn adúláwọ̀ ni gbogbo kádì tí ń bá àwọn adíje Masters rìn. Wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀ ti dagun, wọ́n mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yí, wọ́n ń kọ́ àwọn olúborí ní ohun tí wọn yóò ṣe, wọn kò sì ní àyè láti díje. Ní ilẹ̀ tiwa náà, ọmọ tálákà ni ó ń gbé àpò, púpọ̀ nínú àwọn tí ń fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ ní Nàìjíríà ni ó sì ti ìdí àpò náà bẹ̀rẹ̀. Eré olówó wo ni tálákà mọ ìdí rẹ̀ tó báyìí?

Ohun kan tún wà nínú eré yìí tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ẹnu-ibodè fi ṣe ẹ̀kọ́. Kò sí adájọ́ tí ń fi fèrè sáré tẹ̀lé ẹni tí ń gbá gọ́ọ̀fù. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ́wọ́ bí ó bá ṣẹ̀ sí òfin nínú igbó níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i, òun ni ó sì ń fi ọwọ́ sí ìwé iye gbígbá rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Épírílì, ọdún 1968, tí ó jẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀ karùn-dín-láàádọ́ta, Roberto De Vicenzo ará Ajẹntínà gbá 65 ní ọjọ́ ìkẹyìn Masters. Ẹni tí ń bá a kọ iye náà sílẹ̀ kọ 4 dípò 3 ní ihò kẹtàdínlógún. De Vicenzo kò yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ọwọ́ sí i, ó sì di 66. Gbogbo ayé ni ó rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé 3 ni ó gbá, síbẹ̀ ìwé tí ó fọwọ́ sí ni wọ́n tẹ̀lé, ó sì pàdánù àǹfààní láti tún díje fún ife pẹ̀lú Bob Goalby. Ó fara mọ́ ọn, ó sì di ẹ̀bi náà ru ara rẹ̀. Ẹ sọ ìtàn yìí fún ọmọ tí ó ti rí bí wọ́n ti ń kọ ìwé irọ́ lé ẹrù lórí, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ kí a máa rìn lọ wo akọni ní ilẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọdún 1963, nígbà tí Dick Tiger, ọmọ Ìgbò láti Amaigbo, ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ pẹ̀lú Gene Fullmer ní pápá Liberty ní Ìbàdàn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó kún ibẹ̀. Tiger borí ní ìpele keje. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó kọ́ pápá náà, ìjọba yìí kan náà tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, kò sì rò ó pé pákó ìkọ̀wé nìkan tó fún ọmọdé.

Akọni wa kò sì jìnnà lónìí. Ọmọ Ìlaró tí ó bá gba Pápáàláńtò lọ sí Abẹ́òkúta yóò kọjá ní Wásinmi. Níbẹ̀ ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ tí ó pa ìwé àti eré ìdárayá pọ̀. Ọdẹ́gbàmí yìí ni ó gbá bọ́ọ̀lù méjì wọlé ní ọjọ́ 22 oṣù Máàṣì, ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà fi 3 sí òdo lu Àlùjíríà ní Èkó tí a sì kọ́kọ́ gba ife Áfríkà. Òun náà ni ó wà nínú ẹgbẹ́ IICC ti Ìbàdàn tí ó gba ife Áfríkà ti àwọn olúborí ní ọdún 1976, ó sì tún jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn. Ọmọ mélòó ni ó ń sùn nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọjá ní Wásinmi?

Nítorí náà, a ń ké sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, Àríwá Yewa, Ìmẹ̀kọ-Afọ̀n àti Ìpókíá pé kí wọ́n ya owó ìrìn-àjò ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ nínú ètò ìnáwó ọdún tí ń bọ̀. A ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ní Èkó, ní Abẹ́òkúta àti ní Ìbàdàn pé ní ọjọ́ ìdíje, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ tí ó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe aláìrí bọ́ọ̀sì 20 nígbà tí ìpàdé ìbò bá dé, ọ̀kan péré ni a ń tọrọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de ìwé àṣẹ láti Òkè-Mosàn kí ẹ tó bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. Elder kú ní oṣù Nòfẹ́ḿbà, ọdún 2021, ẹni ọdún 87, ní oṣù méje lẹ́yìn tí Augusta pè é padà láti wá jókòó ti Nicklaus àti Gary Player ní ìbẹ̀rẹ̀ Masters. Kò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́ nígbà náà; ó dìde lórí àga, ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ Ayétòrò kan lè wà láàárín àwọn tí yóò pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn ní Ìkòyí, bí ọkọ̀ bá gbéra ní aago márùn-ún àárọ̀.