Ta Ni Yóò Jogún Àkísà Àgbà?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A ti ń pa òwe yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé a kò kọbi ara sí àkísà inú rẹ̀.

Upenmen ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ránṣọ. Ìyá tí ó bí ìyá mi kò fẹsẹ̀ tẹ ilé ẹ̀kọ́ rí. Bí kíjìpá rẹ̀ bá gbó, yóò gé ibi tí ó ṣì lágbára, yóò rán an mọ́ òmíràn, títí yóò fi di aṣọ ìbora alábùlẹ̀ fún àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ di bàìbàì, èmi ni mo ń bá a ti okùn bọ ojú abẹ́rẹ́. Bí mo bá rán an wọ́, kì í nà mí. Yóò tú u, yóò sì ní, ‘Tún un rán, ọmọ mi.’

Lónìí, àwọn ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ pé iṣẹ́ olódo ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Bí ọmọ wọn bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ilé télọ̀ ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà á. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ ti ẹnu ọ̀mọ̀wé jáde. Ẹ wo orufanran, ẹ̀wù àwọn olóyè Ọ̀wọ̀: ègé aṣọ pupa lórí ègé, tí a rán tò bí ìpẹ́ akika. Ṣé olódo ni ó ronú kan ìyẹn? Ẹ wo Nike Okundaye, tí a bí ní 1951. Ọ̀dọ̀ ìyá-ńlá òbí rẹ̀ ni ó ti kọ́ aṣọ híhun ní Ògìdì. Ní 1983 ó dá ilé ìkọ́ṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ní Gee's Bend, ní Alabama, àwọn obìnrin àtọmọdọ́mọ ẹrú ń fi àlòkù aṣọ oko rán aṣọ ìbora, ìyá ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ọmọ-ọmọ. Ní 2002 ilé ọnà Whitney ní New York pàtẹ àbùlẹ̀ wọn. Ní 2006 Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ sórí sítáǹpù.

Àwọn olóṣèlú wa ń pín ẹ̀rọ ìránṣọ kiri. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè sọ pé, ‘Tún un rán.’ Láyé àtijọ́, ọmọ ni à ń mú lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Nísinsìnyí, ìyá àgbà ni à ń gbé lọ sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù láti wá wẹ ọmọ tuntun. Bí ó bá parí, a óò dá a padà sílé. Ta ni ó béèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀?

Èmi náà jẹ̀bi. Àwọn ọmọ mi kò lè rán bọ́tìnnì tí ó já. Nígbà tí ìyá àgbà kú, a pín ilẹ̀, a pín owó. Aṣọ alábùlẹ̀ náà ni a kó mọ́ ìdọ̀tí, tí a dáná sun. Mo wà níbẹ̀. Mo ti gboyè ọ̀mọ̀wé nígbà náà, n kò sì lanu.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, ẹ fi ọmọ yín ránṣẹ́ sí i ní ìsinmi tí ń bọ̀. Ìwé kò ní kí ọmọ má mọ abẹ́rẹ́ í lò. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí.