Orúkọ Tó Yẹ fún Ẹ̀jẹ̀ Dídà Sínú Ọpọlọ Aláboyún

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó rí fún àrùn. Rọpárọsẹ̀ tàbí ẹ̀gbà ni àwọn ògbufọ̀ sábà máa ń pe ẹ̀jẹ̀ dídà sínú ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò lábùkù nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ohun tí àrùn fi sílẹ̀ lára ni wọ́n ń sọ, wọn kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú ìwé ìlera aláboyún, àbùkù yìí lè gba ẹ̀mí.

Lọ́nà kìn-ín-ní, apá tàbí ẹsẹ̀ aláboyún náà lè má rọ rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Orí fífọ́ òjijì tó le kọjá àlà, èébì, ojú ṣíṣú tàbí gìrì lè ṣáájú. Ẹni tó ń retí kí apá rọ yóò pẹ́ kí ó tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn.

Lọ́nà kejì, okùnfà méjì tó tako ara wọn ni rọpárọsẹ̀ bò mọ́lẹ̀: iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ lè dí, ó sì lè bẹ́. Oògùn tí í yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì fún ti àkọ́kọ́ a máa dá kún ewu ti èkejì. Àwòrán orí láti inú ẹ̀rọ CT ni í fi ìyàtọ̀ hàn, oyún kò sì sọ ọ́ di èèwọ̀, nítorí ìtànṣán tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú kéré jọjọ.

Ìdènà pẹ̀lú ń fẹ́ orúkọ tó ṣe tààrà. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru aláboyún bá dé 160 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, tí kò sì lọ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15, ó gbọ́dọ̀ gba oògùn tí yóò rọ̀ ọ́ wálẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ní ti gìrì, ìwádìí Magpie, tí ó jáde ní 2002, fi hàn lára obìnrin tó lé ní 10,000 pé magnesium sulphate dín ewu rẹ̀ kù ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n àrùn ọmọdé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ gìrì sí. Nítorí náà, "gìrì aláboyún" ni ó yẹ kí a máa kọ nígbà gbogbo.

Àwọn kan lè dábàá "ìṣẹ̀jẹ̀", nítorí ó kúrú. Àmọ́ bí aláboyún bá gbọ́ pé òun ń ṣẹ̀jẹ̀, ilé-ọmọ ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ. "Ẹ̀jẹ̀ dídà sínú ọpọlọ" gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tó dà àti ibi tó dà sí. Kí rọpárọsẹ̀ àti ẹ̀gbà máa jẹ́ orúkọ ara tó ti rọ.