Iṣẹ́ Ti Parí, Owó Kò Jáde

Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ètò ìṣúná ọdún 2025 ní ìparí oṣù Kejì ọdún náà, tírílíọ̀nù náírà 54.99 ni àpapọ̀ rẹ̀, tírílíọ̀nù 23.96 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti iṣẹ́ àkànṣe. Ìṣúná ọdún 2024 kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òfin ilẹ̀ wa ka ọdún ìṣúná sí oṣù méjìlá, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin sún ti iṣẹ́ àkànṣe 2024 dé oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n sì tún sún un dé ìparí ọdún. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn agbaṣẹ́ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí tú jáde ní Àbújá láti béèrè owó iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe parí. Ìdájọ́ ìwé ìròyìn yìí ni pé ìjọba tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ará ìlú, tó yẹ̀ ẹ́ wò, tó ní ó dára, tí kò sì sanwó, ti yá owó lọ́wọ́ ẹni tí kò gbà láti yá a, kò sì san èlé kankan lórí rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ni Yorùbá pe ẹni náà. Kò sí ayánilówó nínú orúkọ yẹn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá tó lè fara dà á fún ọdún méjì. Ẹni tó gba iṣẹ́ kíláàsì mẹ́ta tàbí gọ́tà àdúgbò kan ni, tó fi ìwé ilé ṣe ìdógò ní ilé ìfowópamọ́ kí ó lè ra sìmẹ́ǹtì àti irin. Báǹkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ohun tí àwọn ilé ìfowópamọ́ sì ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí oṣù ṣe ń gorí oṣù ni èrè iṣẹ́ ń di ti ilé ìfowópamọ́, tí owó ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Ẹ wo ìwé gbèsè obìnrin tó ń ta búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: iye búlọ́ọ̀kù, ọjọ́ tí wọ́n kó o, àti “ó kù” tó ti kọ lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì fa igi sí abẹ́ rẹ̀. Bíríkìlà ń retí agbaṣẹ́ṣe, lébìrà ń retí bíríkìlà, olóúnjẹ tó ń gbé abọ́ ìrẹsì lọ síbi iṣẹ́ ń retí gbogbo wọn. Kò sí èyí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìṣúná, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè náà kò fo ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Òṣìṣẹ́ ìjọba náà kò bọ́. Òtítọ́ ni pé owó oṣù tó kéré jù kúrò ní 30,000 náírà, ó di 70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ní ti 35,000 náírà ìrànwọ́ oṣooṣù tí ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2023, ìjọba ṣì ń san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ọdún 2025, lẹ́yìn tí lítà epo bẹntiróòlù ti kọjá 1,000 náírà ní Àbújá. Owó tó yẹ kó san owó ilé-ìwé ọmọ fún sáà kan dé nígbà tí wọ́n ti lé ọmọ náà wálé.

Ìjọba yóò sọ pé owó tí ń wọlé kò tó ohun tí a fojú sùn, a sì gbà bẹ́ẹ̀: tírílíọ̀nù 14.32 ni gbèsè nìkan fẹ́ gbà nínú ìṣúná 2025. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí àpò òun ti rí kò yẹ kó gbé iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lórí owó tí kò sí. Àwọn aṣòfin tó ń fi àkókò kún àkókò pín nínú ẹ̀bi yìí. Kí ìjọba tó tún gbé iṣẹ́ tuntun jáde, kí ó tẹ orúkọ gbogbo iṣẹ́ tó ti parí síta, iye tó jẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ọjọ́ tí yóò san án, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí owó tiwọn kéré jù.