Iyọ̀ tówó rẹ̀ kéré lè náni lówó ńlá

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti ralé sílùú Chicago, l'Amẹ́ríkà, ló gbà pé iyọ̀ ni iyọ̀ ń jẹ́. Tí yìnyín bá ti dì síwájú ilé, àpò èyí tówó rẹ̀ kéré jù ni wọ́n máa gbé. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o. Iyọ̀ lásán, ìyẹn sodium chloride, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ tí òtútù bá ti lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 15 Fahrenheit lọ. Lọ́jọ́ 30, oṣù kìíní, ọdún 2019, ìwọ̀n 23 lábẹ́ òdo ni òtútù Chicago já sí. Kí ni iyọ̀ lásán fẹ́ ṣe nínú irú ìyẹn?

Onílé á wá máa dà á kún un. Àdàjù yẹn gan-an ló ń ba kọnkéré jẹ́, tó ń pa òdòdó, tó sì ń ta ajá lẹ́sẹ̀ (ajá níyì lọ́hùn-ún ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ). Calcium chloride wọ́n jù ú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń yọ́ yìnyín nígbà tí iyọ̀ lásán bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Lójú tèmi, kí onílé tó ní ayálégbé ra méjèèjì, kó tọ́jú calcium chloride dọjọ́ tí òtútù bá le. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ka ẹ̀yìn àpò, ẹ má wo àwòrán iwájú. Iyanrìn náà dára, kì í yọ́ yìnyín, àmọ́ kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀.