Àìsàn mẹ́ta lówó, àwọn yòókù ń jẹ gbèsè

Ká ní oníṣòwò méjì gba ìsọ̀ síra wọn l'Ẹ́fọ̀n-Aláayè, ọ̀kan ń ránṣọ, èkejì ń ta epo pupa. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kọlu télọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n bá lára ìyá elépo. Ọ̀fẹ́ ni oògùn oṣù mẹ́fà tí wọn yóò fún télọ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Ìyá elépo ní tirẹ̀ yóò máa ra oògùn lóṣooṣù títí ayé, inú owó tó fẹ́ fi ra ẹrù ni yóò sì ti máa yọ ọ́. (Ọjọ́ tówó oògùn ò sí gan-an ni ẹ̀jẹ̀ máa ń ru jù.) Tó bá ṣíwọ́ lílò ó, tí rọpárọsẹ̀ dé, ìsọ̀ yóò tì, gbèsè àwọn tó ń bá a ra epo wá láti oko yóò wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ló ń gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Lọ́dún 2002 ni wọ́n dá àpò owó àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Global Fund sílẹ̀, torí éèdì, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà. Ní 2003, Ààrẹ Bush ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ PEPFAR, éèdì ni tirẹ̀ dá lé. Ká sòótọ́, owó wọ̀nyí ti gba ẹ̀mí là púpọ̀. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn sì ní àwíjàre: ikọ́ télọ̀ lè ran elépo, ẹ̀jẹ̀ ríru elépo ò lè ran télọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mówó wá ló ń yan àìsàn. Nígbà tí ìjọba Trump dá owó ìrànwọ́ dúró níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, oṣù kejì ọdún náà làwọn aṣòfin Àbújá ti fi mílíọ̀nù dọ́là 200 kún owó ìlera nínú ìṣúná láti dí àlàfo náà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló sáré báyẹn nígbà tí ilé iṣẹ́ GSK kéde lóṣù kẹjọ 2023 pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, tí owó oògùn àwọn tó ní ásímà fò sókè?

Kì í ṣe pé kí wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ télọ̀. Òfin ìlera ọdún 2014 ti ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán náírà kan nínú 100 owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti ètò adójútòfò ìlera, ìdá kan nínú márùn-ún sì wà fún oògùn àtàwọn ohun èlò ìtọ́jú. Owó yìí ò bèèrè orúkọ àìsàn, òun ló sì bá ẹ̀tọ́ mu jù. Àmọ́ ọdún 2018 ni wọ́n tó kọ́kọ́ fi bílíọ̀nù 55 náírà sí i nínú ìṣúná, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n buwọ́ lu òfin náà.

Ó yẹ káwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà l'Ẹ́fọ̀n, Àrámọkọ àti Ìjerò yan aṣojú lọ sí ibùdó ìlera àdúgbò wọn, kí wọ́n béèrè iye tó ti wọlé látinú owó náà, irú oògùn tí wọ́n fi rà, àti bóyá ti ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀.