Ṣé Ẹ̀rọ Yẹn Mọ Ebòlò?

Ní ìpàdé wa tó kọjá, níbi tí a ti ń jà lórí iye tí gaàrí dà báyìí, ẹnì kan mẹ́nu ba ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń lò lóko lókè òkun, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ mọ koríko yàtọ̀ sí ohun ọ̀gbìn. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ló dìde, ó ní: “Ṣé ẹ̀rọ yẹn mọ ebòlò?” Ilé pa lọ́lọ́. Ìbéèrè yẹn ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ oṣù yìí dáhùn.

Ẹ má pè é ní idán o. Àwa náà ń ṣe irú rẹ̀. Ẹlẹ́yin a máa gbé ẹyin síwájú tọ́ọ̀ṣì kó tó mọ èyí tó ti bàjẹ́. Bí oníbàárà bá na náírà tó le sí wa, a ó nà án sókè sí oòrùn ká lè rí okùn inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ yìí. Ewé tútù máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa sínú láti fi ṣe oúnjẹ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kan wà tó tẹ̀ lé pupa, tí ojú èèyàn kò lè rí, èyí ni ewé máa ń dá padà sóde gan-an. Ilẹ̀ lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní WeedSeeker ní Amẹ́ríkà: ó gbé iná tirẹ̀ dání, ibi tó bá ti rí ewé lórí ilẹ̀ nìkan ló ń fín oògùn sí.

Ìyẹn rọrùn. Wàhálà wà níbi tí koríko àti ohun ọ̀gbìn bá ti jọ hù pọ̀. Ewé tó nípọn, èyí tó ní irun lára, èyí tó kún fún omi, wọn kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà bákan náà, ohun tí wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyẹn. Kámẹ́rà á tún wo bí ewé ṣe rí, kọ̀ǹpútà á fi wé àwòrán rẹpẹtẹ tí wọ́n ti fi kọ́ ọ. Ní 2017, John Deere, àwọn tó ń ṣe katakata, san mílíọ̀nù 305 dọ́là láti ra Blue River Technology tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà báyìí ń yan koríko láàárín òwú, àgbàdo àti sóyà, wọ́n sì ní oògùn tí àgbẹ̀ ń lò dín ju ìdajì lọ. Àmọ́ ìrì, eruku àti òjìji ṣì lè tàn án jẹ. Ẹ bi aláṣọ léèrè: ta ló ń ra léèsì láìgbé e jáde síta wò?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá o. Bí koríko bá gba oko ẹ̀gẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀gẹ́ yẹn kò ní í ta dáadáa. Obìnrin àtọmọdé ló sì ń bẹ̀rẹ̀ ro púpọ̀ nínú rẹ̀. Owó alágbàṣe ń wọ inú owó gaàrí tí wọ́n fi ń bú wa lọ́jà. Nítorí èyí ni IITA ní Ìbàdàn ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí koríko oko ẹ̀gẹ́ ní 2014, ní Ògùn, Ọ̀yọ́, Benue àti Abia. Àgbẹ̀ tí kò rówó alágbàṣe á gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, á fín gbogbo oko pátá. Ẹ̀rọ tó bá lè rí èèkan nìkan, tó fín èèkan nìkan, a kò ní bá a jà.

Ṣùgbọ́n ta ló ń pe ewé ní koríko? Ọ̀kan nínú koríko tó ń dààmú àgbẹ̀ Amẹ́ríkà jù ni Palmer amaranth, ìbátan tẹ̀tẹ̀ tiwa gan-an ni. Ní 2005 ni wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní Georgia pé oògùn glyphosate kò ran án mọ́. Wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ wọn pé kó pa á níbi tó bá ti rí i, wọn ò jẹ̀bi. Ká wá gbé irú ẹ̀kọ́ yẹn wá sí oko Ọ̀yọ́ bó ṣe wà, gbúre ńkọ́? Ẹ̀fọ́ odù ńkọ́? Ebòlò tí ẹnì kankan kò gbìn, tó hù fúnra rẹ̀ láàárín ebè, tí ìyàwó àgbẹ̀ ń já wá fún wa láàárọ̀? Ọbẹ̀ ẹni tí kò rówó ẹran nìyẹn. Lóòótọ́, gbúre náà ń bá àgbàdo du oúnjẹ, àgbẹ̀ tó fẹ́ kí oko òun mọ́ kò sì ṣẹ̀ wá. Ohun tí a ń sọ ni pé kí wọ́n bi wá kí wọ́n tó fín.

Ó ṣeé ṣe. Wọ́n ti fi ewé ẹ̀gẹ́ kọ́ fóònù. PlantVillage Nuru, iṣẹ́ Yunifásítì Pennsylvania State àti IITA, máa ń wo ewé ẹ̀gẹ́, á sọ àrùn tó ń ṣe é. Nuru yẹn, ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ ní èdè Swahili. Bí wọ́n bá lè kọ́ ọ ní àrùn ẹ̀gẹ́, wọ́n lè kọ́ òmíràn ní orúkọ ẹ̀fọ́ wa. Àwa la mọ tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún yàtọ̀ sí èyí tí a ń tà, ọwọ́ wa ló ti gún.

Kí ẹ̀rọ kankan tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹlẹ́fọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀fọ́ inú oko wá, ẹ bi í bóyá wọ́n ti fín oògùn síbẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n fín in. Bó bá ń kálòlò, ẹ dá a padà. Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí kálukú yín mú ẹ̀ka kan wá lára gbogbo ẹ̀fọ́ tó ń hù fúnra rẹ̀ tí ẹ ń tà. Akọ̀wé á kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ní fóònù oníkámẹ́rà á ya wọ́n níta, lójú oòrùn, kì í ṣe abẹ́ búkà.