Ojú L'Ọ̀rọ̀ Wà

Àwọn àgbà ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Wọn ò ní etí nìkan ló ni ín. Síbẹ̀, bí ọmọ adití bá ní òun fẹ́ kọ́ ìlù tàbí eré orí ìtàgé ní ìlú Ọlá tàbí Èjìgbò, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbà ni ẹ̀rín: kí ló fẹ́ fi gbọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ ká wo ìgbìn, ìlù Ọbàtálá. Ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ni, orí ilẹ̀ ló ń dúró. Bí wọ́n bá lù ú, ilẹ̀ a gbà á, àtẹ́lẹsẹ̀ a gbà á, àyà a gbà á. Ta ló wá sọ pé etí nìkan ni ìlù ń bá sọ̀rọ̀?

Evelyn Glennie, onílù ọmọ Scotland tí wọ́n bí ní 1965, ti di adití gan-an nígbà tó fi pé ọmọ ọdún 12. Nígbà tó fẹ́ wọ Royal Academy of Music ní London, wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ó bá wọn jiyàn, wọ́n sì gbà á. Ó máa ń bọ́ bàtà lu ìlù lórí ìtàgé, kí ẹsẹ̀ lè gba ohun tí etí kò gbà. Ní 2012, òun ló ṣáájú ẹgbẹ̀rún onílù níbi ìṣíde Òlíńpíìkì London.

Ẹnìkan á ní ìlù dùndún ń sọ̀rọ̀, ohùn sì ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, mi ò ní kí adití fi gángan ki Ògìyán, ọba Èjìgbò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ijó wà, ère gbígbẹ́ wà, àdìrẹ wà, fíìmù wà.

Ẹni òrìṣà ni Yorùbá ń pe aláàbọ̀ ara. Èjìgbò sì ni ìlú Òrìṣà Ògìyán, òrìṣà funfun. Ìlú yìí ló yẹ kó kẹ́yìn nínú kíkọ̀ ẹni òrìṣà sílẹ̀. Kíkọ́ adití kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa: ní 1960 ni Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà, dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìjọba àpapọ̀ náà fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ní oṣù Kìíní 2019. Òfin ò lè kọ́ni nílù ṣá.

Ẹ̀yin ọ̀gá onílù àti olórí ẹgbẹ́ eré, bí òbí bá mú ọmọ adití wá bá yín, ẹ ní kó bọ́ bàtà, kó sún mọ́ ìlù, kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.